“Bí” Kì Í Ṣe “Àfi Bí”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ìṣirò ò wúlò fún ohunkóhun lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú gan-an. Mo fi ìṣirò jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Minna yìí títí ohùn mi fi ha, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí oúnjẹ ni mo fi ń bínú. Tìtorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ìṣirò kékeré kan, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ni àwọn àgbà wa ṣì ṣe. Òun ló jìyà rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní àdúgbò Tunga. Minna ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Hausa la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà. Yorùbá wà fún inú ilé àti fún ṣọ́ọ̀ṣì àwa Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ tí Minna di olú ìlú, katakata ń la ọ̀nà káàkiri, àwọn akọ̀wé ìjọba ń ya wọ̀lú, gbogbo wọn ló sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn rán sáfárì. Inú bàbá mi dùn. Tiwa náà dùn, torí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti máa kọ́ àwọn olùkọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, kò fẹ́ òmíràn. Láti kékeré ló ti ń to àwọn ọmọ àgbàlá wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí á máa fi èédú kọ ABD sí i, tí ìyá mi á sì máa pariwo lé e lórí. Nígbà tí ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ tuntun yìí dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni.

Mọ́tò tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ló kéde rẹ̀ ládùúgbò wa, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Hausa, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní ọmọ ìpínlẹ̀ yìí yòówù tó bá yege nínú ìdánwò, wọn yóò gbà á wọlé. Ó dárúkọ ọjọ́ ìdánwò, ó kọjá lọ. Kò fi nǹkan kan kún un.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin jókòó sábẹ́ igi dógóyárò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a ti máa ń ṣe nìyẹn: ohun tó bá kan gbogbo wa, ilé kan kì í dá pinnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀, ohun tí ẹnu wọn bá kò lé lórí, gbogbo ilé á gbà á. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń kó àga wọlé, a sì ń gbọ́ wọn. Díkónì àgbà ló bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ ti gbọ́. Ọmọ ìpínlẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n má lọ lé e bí ẹní lé ajá, kí wọ́n sọ gbogbo wa di ẹni yẹ̀yẹ́.”

Wọ́n ní òótọ́ ni. Bàbá mi náà ní òótọ́ ni, ó tún fi òwe tì í: “Àjò kì í dùn kí onílé má relé.” Wọ́n fẹnu kò pé kí ọmọ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú padà sílé ní ìlú bàbá rẹ̀, kó lọ ṣe ìdánwò tiwọn níbẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Ta ló fi “nìkan” sínú ọ̀rọ̀ yẹn? Kì í ṣe ìjọba. Díkónì fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, gbogbo àwọn tó kù sì gbé e mì bí ẹni gbé ọkà mì láìjẹ.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, olùkọ́ ìṣirò wa, ará Ghana kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ gbogbo àgbà tó jókòó sábẹ́ igi ọjọ́ náà. Ó ní, “Bí òjò bá rọ̀, iwájú kíláàsì yìí á tutù. Ó ti tutù báyìí. Ṣé òjò rọ̀?” A wo ìta. Mairuwa, ọkùnrin tó ń ta omi kiri, ló gbé agolo omi kọjá, omi sì dà sílẹ̀. Oòrùn ń ràn yòò. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ní “bí” nínú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló là. Ó fa ọfà kan tó ní orí kan sójú pátákó.

Ó wá fún wa ní nọ́ńbà. Bí òdo bá gbẹ̀yìn nọ́ńbà kan, márùn-ún á pín in dọ́gba. Ṣé nọ́ńbà tí márùn-ún bá pín dọ́gba, òdo ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀? Rárá, ẹ wo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ẹ fi mẹ́wàá dípò márùn-ún. Bí òdo bá gbẹ̀yìn, mẹ́wàá á pín in. Bí mẹ́wàá bá sì pín in, òdo gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Ìyẹn là lọ, ó là bọ̀. Ó ní irú èyí ni à ń pè ní “bí, àti àfi bí”, ó sì fi orí kejì sí ọfà náà. Ẹni tó bá mọ apá kan rẹ̀ ti mọ ìkejì. Ó wá na ẹfun sí wa, ó ní, “Ẹ ò gbọdọ̀ fi orí kejì yìí síbẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ti yẹ ọ̀nà méjèèjì wò. Ẹni tó bá kàn fi í síbẹ̀, irọ́ ló ń pa.”

Ara mi gbóná. Bí wọ́n ṣe lu agogo ni mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ń gé aṣọ, ẹ̀gbọ́n mi ń ká etí ṣòkòtò.

“Bàbá, wọn ò sọ pé nìkan!”

“Ta ni wọn?”

“Àwọn tó fi mọ́tò kéde. Wọ́n ní ọmọ ibí tó bá yege, wọ́n á gbà á. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibí. Wọ́n lè gbà á, wọ́n lè má gbà á. Ẹ jẹ́ kí àǹtí mi lọ ṣe ìdánwò náà.”

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. “Gbogbo àgbà ìjọ jókòó, wọ́n rò ó, ìwọ wá ní wọn ò gbọ́n?”

“Haba, Baba!”

“Má ṣe haba fún mi! Lọ bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, wọ́n sì fi ìgbọràn náà gbá a mú. Kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, wọ́n ti gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin, ó sì wọ mọ́tò láti ibẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìdánwò tiwọn ti kọjá. Wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó jókòó ti ìyá bàbá mi nídìí àtẹ ẹ̀wà, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní Gàmbàrí nítorí bó ṣe ń sọ Yorùbá.

Ó wá ku ohun tó dùn mí jù. Bàbá mi ni ilé ẹ̀kọ́ tuntun yẹn gbé aṣọ àwọn ọmọ wọn fún pé kó rán. Àwọn ọmọbìnrin ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wọ̀n wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan tó fi ìbòrí borí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Ojú bàbá mi là. “Ọmọ Yorùbá! Níbo ni?”

“Ìlọrin ni, sà. Àdúgbò Soje ní Minna níbí là ń gbé. Bàbá mi ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú níbẹ̀.”

“Báwo lo ṣe wọlé?”

“Mo ṣe ìdánwò, mo yege.”

“Wọn ò bi ọ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ?”

“Wọ́n bi mí. Àwọn ọmọ ibí ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Àyè ṣẹ́ kù, wọ́n wá mú àwa tó kù. Àyè ṣì wà níbẹ̀ báyìí, sà.”

Bàbá tirẹ̀ ò sí lábẹ́ dógóyárò wa. Kò sẹ́ni tó bá a fi “nìkan” sínú ohun tó gbọ́. Ó gbọ́ ìkéde, ó rán ọmọ rẹ̀ lọ, ó parí.

Bàbá mi wọn ọmọ náà tán. Nígbà tó lọ, ó ní, “Wọ́n kàn ṣàánú rẹ̀ ni.”

“Bàbá, àyè ṣì wà! Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe àǹtí mi.”

“Kí n wá dé ìjọ lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n ní mo gbọ́ ti àwọn àgbà, mo lọ dá ṣe tèmi?”

Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn! Ojú tí wọ́n máa fi wò ó! Mo sunkún, mo jágbe, ìyá mi fi ọwọ́ dí mi lẹ́nu. Kò ránṣẹ́. Wọ́n ti àyè náà kí oṣù yẹn tó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi wálé fún Kérésìmesì. Wọn ò jẹ́ kí n sọ fún un. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ọmọ Ìlọrin náà padà wá, aṣọ ti fún mọ́ ọn lára, ó fẹ́ kí wọ́n tú u sí i. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí ọmọ náà ṣe wọlé, Hausa ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ náà lọ, ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ náà sórí itan, ó mú réésà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òwú kan tẹ̀ lé òmíràn.

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá, ta ló lé mi?”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

Bàbá mi ní, “Kò sẹ́ni tó lé ọ.”