Òsì Ni Tsietsi Máa Ń Yí Sí

Wẹ́dà ni Phineas Moloi, ọkọ mi, ní ìlú Katlehong níbí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jókòó ti irin láàárọ̀ títí tíì rẹ̀ yóò fi tutù, kò sì ní gbọ́ pé mo ń pe òun. Mo ti bínú sí i títí, ó ti sú mi.

Nígbà tí Tsietsi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, kò sunkún, kò sì kí i pé ó dìgbóṣe. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: táyà mọ́tò tó gbé òkú wá ni mo rí i tó ń wò. Ọdún yí po, ó ṣì ń wí pé, "Tsietsi ò fẹ́ràn èyí, Tsietsi fẹ́ràn tọ̀hún," bíi pé onítọ̀hún kàn lọ ra sìgá ni.

Gusheshe funfun, mọ́tò àtijọ́ tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ pòòyì fẹ́ràn jù, ni ọkọ̀ Tsietsi. Ọjọọjọ́ Àìkú ló máa ń pòòyì ní pápá, tí èéfín táyà á bò ó. A kì í ṣí aṣọ lójú òkúta sàréè irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ má pòòyì níbẹ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ tí a ó ṣí tirẹ̀ ni Nthabeleng, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá bá wa.

"Bàbá, èmi ni màá wà á lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àmọ́ tó bá ti ń pòòyì, iná pupa ọ́ìlì máa ń tàn. Ẹ́ńjìnnì tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn tò nìyẹn. Tó bá lọ kú lójú sàréè wọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e."

"Ọ́ìlì ló ń sá," ni ọkọ mi wí. "Tí ọkọ̀ bá ń yí, á sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, páìpù tó ń fà á á wá máa fa afẹ́fẹ́."

Ó tú àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó gé e, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, ó sì jó ilẹ̀kùn páànù kéékèèké mọ́ inú rẹ̀. Ọ́ìlì lè ti ilẹ̀kùn wọ̀nyí wọlé wá sídìí páìpù, ṣùgbọ́n kò lè gbabẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́bọ̀, ó bu omi sínú àwo náà, ó gbé e mọ́ àyà, ó ń sáré yí igi píìṣì ẹ̀yìnkùlé wa po. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin! Òdòdó igi ń já bọ́ sí i lórí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mo gbàgbé ìkòkò páàpù, oúnjẹ àgbàdo wa, lórí iná. Ó dà bíi pé òun dúró, pé àgbàlá wa ló ń yí. Inú mi ń dùn, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

"Bàbá Keneuwe, ẹ má ṣubú o! Àwọn ará ilé kejì ti ń wò yín."

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Omi náà ò lọ síbì kan, Ìyá Keneuwe. Wá wò ó!"

Nthabeleng bú sẹ́rìn-ín, ó gba àwo náà. "Ẹ jẹ́ kémi náà gbìyànjú." Kò tíì yí igi po lẹ́ẹ̀kan tí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ yìí, kí lo ń ṣe? Òsì là ń yí sí!"

"Bàbá mi ló ń yí sí òsì. Ọlọ́wọ́ òsì lèmi, ọ̀tún ni mò ń yí sí. Gbogbo pápá ló mọ̀."

Ọkọ mi wo inú àwo náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló jó ilẹ̀kùn sí, níbi tí ọ́ìlì Tsietsi máa ń sá lọ. Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà.

"Tsietsi kọ́ ló máa wà á," ló wí. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ìyá Keneuwe, Tsietsi ti kú o."

Ó wá sunkún. Mo jókòó tì í títí páàpù fi jóná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jó ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì náà. Kò yọ àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Nthabeleng yí ọkọ̀ sí ọ̀tún títí eruku fi bo òkúta bàbá rẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ wa, ó na àtàńpàkò síta fèrèsé: iná pupa ò tàn. Ó dúró díẹ̀, ó wá yí sí òsì, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọkọ mi ṣí fìlà.

"Ó dìgbóṣe o, Tsietsi."