Fóònù Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀ ni ọ̀gá àwa awakọ̀ ní Kossodo, àdúgbò kan ní Ouaga, lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ìwé, n kì í sì í sáré ka nǹkan. Ó ní òfin kò gbà kí awakọ̀ mú fóònù lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, àti pé ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dúró.

Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyá ọmọ yìí kú, ojú ọ̀nà ni mo wà, fóònù mi wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀, n kò gbọ́ ọ. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n pè mí. Láti ọjọ́ náà, fóònù kì í dún kí n má gbé e.

Tampouy ni ọmọ mi ń gbé. Ọkọ rẹ̀ wà ní Abidjan, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń wakọ̀ nínú ẹbí wa. A ti jọ sọ ọ́ pé bí inú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, èmi ni yóò pè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oṣù rẹ̀ ti pé, mo gbé fóònù lé itan mi, mo kó ẹrù lọ sí Ouaga 2000.

Mo ń padà bọ̀ nígbà tó dún. Mo gbé e láì wo ojú rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ mi ti bímọ, ṣùgbọ́n màmá kì í béèrè nǹkan kí wọ́n tó kí ènìyàn tán. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n kí mi kú oòrùn, wọ́n kí mi kú ìdágbé. Ta ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu? Kíkí kọ̀ọ̀kan ni mo ń tẹrí ba fún, bí ẹni pé wọ́n jókòó níwájú mi. Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo ti kọjá iná pupa, ọmọge kan lórí alùpùpù sì ti ya bàrà kúrò lójú ọ̀nà fún mi. Ó bú mi ní Mòórè, èdè ìlú náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọlọ́pàá fọn fèrè. Ọmọdé ni, kò lè ju ọmọ mi lọ.

"Tóntọ́n," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, "ẹ ń sùn ni, àbí ẹ ń kírun?"

Mo sọ fún un pé àna mi ni mo ń kí. Ó wò mí títí. Ó ní àwọn náà máa ń lóṣòó fún àna, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé ọkọ̀, ó ní kí n gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá títì, ibẹ̀ ni yóò wà di ọ̀la.

Ibẹ̀ la wà tí fóònù tún dún. Ọmọ mi ni. Ọlọ́pàá ní ọkọ̀ ti dúró, kí n gbé e.

"Bàámi, omi ti dà."

N kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé mi lóde. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bàá títì, ní Mòórè tí kò já gaara: ikú ìyá ọmọ mi, ìgbà mẹ́rin tí fóònù dún, ọkọ tó wà ní Abidjan. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní òun á jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, kí n wá jẹ́jọ́ lọ́la, ṣùgbọ́n fóònù á dúró lọ́dọ̀ òun.

"Bí mo bá jẹ́ kí ẹ mú un lọ, ẹ ó tún gbé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀. Mo fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà Tampouy kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Etí mi ń gbọ́ ohun tí kò dún. Ní gbogbo ibi tí iná bá ti dá mi dúró, ọwọ́ mi á lọ sí itan mi, á bá a lófìfo. Mo ń rò ó pé bóyá ọmọ mi ti ṣubú, bóyá ó ń pè mí nísinsìnyí, bóyá ó ti pè mí tán.

Ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó jókòó lórí àpótí, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá dì í mú léjìká. Bó ṣe rí mi ló bú sẹ́kún. Mo ṣebí ìrọbí ni.

Obìnrin náà ló ṣàlàyé. Ọmọ mi tún ti pè mí, ọlọ́pàá ló gbé e. Ó sọ fún un pé mo ti ń bọ̀, kí ó fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ pé ọlọ́pàá ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bàbá òun, kò gbọ́ ìyókù mọ́.

"Mo rò pé ẹ ti kú ni," ọmọ mi wí.

Mo gbé e wọ ọkọ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ilé ìgbẹ̀bí. Nígbà tí mo bá fẹ́ yí jíà, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ mi ná. Yóò jọ̀ọ́ mi, yóò tún dì í mú.