Ọrùn Ẹsẹ̀ Tí Ooru Ẹkù Ń Tàn Jẹ

Inú ẹkù ni mo ti ń jáde bọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kọ̀ mí. Ẹni tí kò bá mọ ẹkù, kòtò oníṣìmẹ́ńtì ni. Ibẹ̀ la máa ń da ẹyìn tí a ti sè sí, tí a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi kúrò lára ìhá àti èkùrọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà, mo gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ gbígbẹ, àfi bí ẹni pé wọ́n kan ìṣó mọ́ mi lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n di igi mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti ṣubú padà sínú epo.

"Ìyá Fọlákẹ́, ṣé epo náà ti ń pa ènìyàn bí ọtí ni?" Ìyá Ráfíù ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun ní abúlé wa, lọ́nà Ayétòrò.

"Ẹnu rẹ yẹn ni yóò pa ọ́," ni mo fi dá a lóhùn. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fi máa délé, kókósẹ̀ mi ti wú, kò sí egungun tí ènìyàn lè rí níbẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ yìí ti rọ́ rí, nígbà tí mo ṣì lágbára, tí mo ru ìdì ẹyìn gba orí àpáta yíyọ̀. Wọ́n fà á, wọ́n fi òrí pa á, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Oríkèé kì í gbàgbé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo ti ṣìnà, nítorí ẹni tó ń ka èyí lè máa tọ ọ̀nà kan náà. Bí mo bá ti wọ inú ẹkù, tí ẹyìn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò mí dé ojúgun, ìrora náà á lọ pátápátá. Mo ní oògùn mi rèé. Ọjọ́ tí a kò bá ní ẹyìn, mo máa ń wá ẹkù ẹlòmíì lọ, kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tún ń wàásù rẹ̀ fún àwọn ìyá tí orúnkún ń dùn: "Ẹ wá ki ẹsẹ̀ bọ ẹkù, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Àmọ́ òwúrọ̀ kò gba ìwàásù. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò lórí ibùsùn, omi á lé sí mi lójú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ni mo fi ń kọ orin tí gbogbo ìjọ dúró kọ. Nígbà tó yá, bí mo bá yí ẹsẹ̀ náà, mò ń gbọ́ ọ tó ń ró bí iyanrìn lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, tíṣà ni ní Ìlaròó, dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi tí mò ń fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn ilé. Kò pariwo. Ó wọlé, ó gbé bàtà mi jáde.

"Màmá, ẹ wọ̀ ọ́. À ń lọ sí ọsibítù."

Ní Abẹ́òkúta, a jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣòkòtò rẹ̀ ṣófo láti orúnkún. Bí mo ti rí i ni mo ti gbà pé gígé ni wọn yóò gé tèmi náà.

Dókítà tó wò mí kò dàgbà tó ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó mọ̀wà hù. Ó gbé àwòrán egungun ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi hàn mí pé láàárín egungun ojúgun àti egungun ẹsẹ̀, ohun kan wà bíi tìmùtìmù, egungun rírọ̀ tí kì í jẹ́ kí líle kan líle. Tèmi ti jẹ tán. Egungun ló ń lọ egungun.

"Ìgbà wo ló máa ń fúyẹ́, Màmá?"

"Bí mo bá wà nínú ẹkù ni. Níbẹ̀, kì í dùn mí rárá."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ooru ló ń mú ìrora náà sùn, Màmá. Bó bá sì ti sùn tán, ẹ̀yin ẹ wá ń fi gbogbo agbára tẹ oríkèé yẹn mọ́lẹ̀."

Mo rántí àwọn ìyá tí mo ti wàásù ẹkù fún.

A kọ́kọ́ lo oògùn ìrora, a lo ohun líle kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kó má baà máa mì, wọ́n sì fún mi ní abẹ́rẹ́ sínú oríkèé. Ó ń dín kù, ó ń padà wá. Ìgbà náà ni dókítà dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Wọn yóò la ọrùn ẹsẹ̀ náà, wọn yóò ha ohun tó ti bàjẹ́ kúrò, wọn yóò fi irin so egungun méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè hù di ọ̀kan. Kò fi nǹkan pa mọ́: ìrora á lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ náà kò ní tẹ̀ mọ́ láéláé. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí egungun kọ̀, kó má dì.

"Ṣé n ó tún lè tẹ ẹyìn?"

"Rárá, Màmá."

Rárá yẹn ni mo gbé délé. Inú ẹkù ni ohùn mi wà. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kọjá sí Kùtọnú tí kò kọ̀wé. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, kí ni n ó dà? Ìyá arúgbó orí àga.

"Ẹsẹ̀ tí kò bá tẹ̀, igi ni," ni Ìyá Ráfíù wí. "Ṣé o fẹ́ di ẹlẹ́sẹ̀ igi ni?"

"Màmá Ráfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n," ni Fọlákẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Ta ló ń dẹ́rù bà á? Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an!"

Mo sọ fún dókítà pé kó dúró ná. Mo padà sínú ẹkù. Àfi ọjọ́ kan tí mo ki ẹsẹ̀ bọ ẹyìn lílọ́wọ́ọ́rọ́, tí ìrora sì bá mi wọlé. Mo dúró. Mo retí kó lọ. Kò lọ. Ìyá Ráfíù wo ojú mi, kò dápàárá. Ó wá síbi tí mo wà, ó fi apá gbá mi mú, ó fà mí jáde.

"Lọ jẹ́ kí wọ́n so ó," ló wí. "Èmi á tẹ̀ fún àwa méjèèjì."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fi pa ìdajì ara mi kú. Ojú mi là, mò ń gbọ́ ìró bíi ti káfíńtà, mo sì mọ̀ pé èmi ni pákó. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ wọ inú ìdè funfun líle bí ẹfun, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Ọmọ mi ló ń wẹ̀ mí. Ìtìjú yẹn dùn mí ju egbò lọ, n kò ní purọ́. Yíyún inú ìdè náà, ọwọ́ kò tó o. Ẹkún lásán ni.

Nígbà tí a padà lọ ya àwòrán, dókítà wò ó pẹ́. "Kò tíì dì, Màmá. Ẹ jẹ́ ká tún fún un láyè." Mo ti ta ẹkù mi fún ìrètí, ìrètí náà ò sì tíì dé. Láti ọjọ́ náà, mo ń sùn bí ẹni tó gbé ẹyin.

Nígbà tó yá, a tún padà lọ ya àwòrán. Dókítà yí àwòrán náà sí mi. Ojú àlàfo dúdú ti di funfun.

"Ó ti dì."

Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ sunkún.

Ẹ̀yin tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn, mi ò ní kí gbogbo yín lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà wò yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ ó pàdánù, ẹ má sì pe ìrora tó sùn ní ìrora tó kú. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Mo ń rìn bíi sọ́jà àtijọ́. Ìyá Ráfíù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní sààlúùtù.

Ní òwúrọ̀ kan báyìí, mo dìde, mo lọ sídìí ìkòkò omi, mo bu omi, mo fọjú, mo ṣílẹ̀kùn fún àwọn adìyẹ. Mo ti ń padà bọ̀ kí n tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Láti ìgbà tó ti ń dùn mí, kò sí òwúrọ̀ kan tí n kò kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan àpá náà. Mo ní, "O kú iṣẹ́ o."