Ijó Tí A Fi Ra Fọ́ọ̀mù

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú tipẹ́, wọ́n sì ní kéèyàn má bú òkú. Èmi á bú u. Ohun tó ṣe fún mi lọ́dún tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé girama kò tíì tán nínú mi, bẹ́ẹ̀ irun orí mi ti funfun.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí, èmi àti èkejì mi, ọkùnrin. Òun ló kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo dé kẹ́yìn. Ìbejì kì í ṣe nǹkan bàbàrà nílùú wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin tiwọn: ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a ní láti ṣe é fún èkejì. Bí a bá ra bàtà fún ọ̀kan, ẹsẹ̀ èkejì kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán.

Ìparí àwọn ọdún 1960 ni, a wà ní ìwé kẹfà. Ọ̀gá ilé ìwé wa pe àwa tí ó rò pé a lè yege jọ. "Ilé ìwé mẹ́ta ni kí ẹ mú," ó ní. "Ọ̀kan tó le, ọ̀kan tó rọ̀, ọ̀kan tó wà nítòsí. Ẹni tó bá mú ẹyọ kan, tí wọn ò bá gbà á, ilé ló máa jókòó sí." Mo mọ ilé tí mo máa jókòó sí. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ará Ayétẹ̀ kan tó ń wá ìyàwó sì ti ń bi ìyá mi léèrè ọjọ́ orí mi.

Èrúwà ló wù mí jù, ilé ìwé girama tó ní bọ́dìn, táwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ láti inú ọkọ̀, nínú yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ̀ gan-an. Ó wọ́n. Ti Igbó-Ọrà kò wọ́n tó o, ilé la ti máa lọ. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwé mọ́dà, tí kò tó girama, ọdún mẹ́ta péré, téèyàn á fi ṣe olùkọ́ kékeré bí orí bá bá a ṣe é. Bí mo ń gbálẹ̀, mò ń rò ó: bí mo bá mú Èrúwà tí wọn ò gbà mí ńkọ́? Bí mo bá mú mọ́dà, tí mo sì kábàámọ̀ ńkọ́?

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni owó ilé wà. Oko kan náà ni òun àti bàbá mi jọ ní. Bàbá mi ló ń ro ó, òun ló ń ta ẹ̀gúsí ibẹ̀ fáwọn ará Ìbàdàn, òun náà ló ń di owó mú, nítorí òun ni àgbà. Bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, owó fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ni mo bá wá."

"Méjì ni wọ́n, àbí? Agbára wa ò ká ti méjì. A ò sì gbọdọ̀ ṣe fún ọ̀kan ká fi ọ̀kan sílẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Kí wọ́n máa bá wa ṣoko. Èmi ò ní fọwọ́ ara mi fa ìjà ìbejì wọ agboolé."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ni bàbá mi wí. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì bínú sí àwọn méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ra fọ́ọ̀mù ilé ìwé mẹ́ta ní Ìbàdàn fún ọmọ tirẹ̀, ẹgbẹ́ wa, tí èmi máa ń kọ́ ní ìṣirò. Òógùn bàbá mi ló fi rà á. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kórìíra èèyàn. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kó má lè wọ bàtà ọdún.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú. Mo bá lọ bá ìyá mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jó ìbejì."

Nílẹ̀ wa, ìyá tó bá bí ìbejì a máa gbé wọn jó kiri ọjà, àwọn èèyàn a sì fún wọn lówó nítorí oríire. Ẹni tó bá fún ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún èkejì ní iye kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

"Ìwọ tí o ti ń yọ ọmú yìí?" ìyá mi ní. "Ṣé kí n pọ̀n ẹ́ ni?"

"Ẹ ò ní pọ̀n mí. Ẹ̀gbẹ́ yín la ti máa jó. Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń ta ẹ̀gúsí la sì ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Lọ pe èkejì rẹ."

Ọjọ́ ọjà la jáde, nínú aṣọ kan náà. Ìyá mi ń kọrin, ó ń gbé igbá kiri. Èkejì mi ń tijú, ó ń jó bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Èmi ò tijú rárá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Ìbàdàn. Èrò pé lé wa lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ tọ́rọ́ sínú igbá, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi. Ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́ pariwo pé, "Ìbejì ilé ta ló dàgbà tó báyìí, tó tún ń jó tọrọ?"

Mo na ìka. "Ilé bàbá tó wà lórí àga yẹn ni, Ìyá. Owó fọ́ọ̀mù ilé ìwé la ń tọrọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbàdàn yíjú wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo rí i tí ojú tì í, oyin ò dùn tó o.

"Ìyá Ìbejì, eré kí lò ń ṣe yìí?" ó ní, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. "Ṣé mi ò ti ní màá sanwó ọ̀hún ni?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ ní gbangba ọjà. "Ẹ ṣeun, bàbá mi. Mẹ́ta ni wọ́n fẹ́, bíi ti ọmọ yín. Mẹ́ta fún ọ̀kan, mẹ́ta fún èkejì."

Ó san án.

Nígbà tí èsì dé, Èrúwà gbà mí. Èkejì mi kò wọ ìkankan, ọkọ̀ ló wà lọ́kàn tirẹ̀ láti kékeré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ ọ̀kan nínú ti Ìbàdàn, ìyẹn sì dùn mí wọ egungun.

Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá pe ẹbí jọ. "Ẹ rí i? Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan ò wọlé. Bí ọ̀kan ò bá lọ, èkejì ò gbọdọ̀ lọ." Ojú mi ṣú. Mo ti rí ara mi nídìí ẹ̀gúsí, mo ti rí ara mi ní Ayétẹ̀. Èkejì mi, tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, ló dìde.

"Bàbá, èmi náà máa lọ. Ẹ fi mí sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Èrúwà. Bí ẹ bá ṣe ná owó lé e lórí, ẹ ná an lé èmi náà lórí."

Bàbá mi wú ikọ́. "Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ náà ló sọ, ẹ̀gbọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, àpótí wa ti wà lórí ọkọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi jáde nínú agbádá, ó ní ká kúnlẹ̀ kóun ṣàdúrà fún wa. Ó kọ́kọ́ yíjú sáwọn aládùúgbò, ó ní kí wọ́n wá wo àwọn ọmọ tóun ń rán lọ kàwé, lọ kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́wọ́ lé wa lórí: a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, a ó ṣoríire, a ò ní gbàgbé ẹni tó ràn wá lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń ṣe àmín. Bàbá mi ṣe é, ìyá mi ṣe é, èkejì mi tó gbẹ̀kọ́ náà ṣe é. Èmi panu mọ́.

Ó mọ̀ pé ohùn kan kù. Ó tún àdúrà náà ṣe, ó gbóhùn sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ orí mi mọ́lẹ̀. Ìyá mi ja mí léèékánná lẹ́yìn. Mo gbé ojú sókè, mo wò ó, mo pa eyín mi pọ̀ títí dẹ́rẹ́bà fi fọn fèrè.