Dígí Balùwẹ̀ Ilé Òyìnbó Olówùú

Ilé tí ìjọba fi wá sí ní Tchatchou, nítòsí Parakou, òyìnbó kan tó ń ra òwú ló kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí wọ́n ní ìyípadà dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Agbẹ̀bí ni mo jẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Tíṣà ni ọkọ mi. Mẹ́tìrì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọmọbìnrin kan la ní, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì.

Ẹ̀rọ omi ilé náà ti kú, garawa la fi ń wẹ̀. Àmọ́ dígí ńlá kan ṣì wà lára ògiri balùwẹ̀. Ó ga tó mi, ó sì fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ dì í mú lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń wẹ ọmọ níwájú rẹ̀, mo rí i pé ojú mi ń mì nínú dígí, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ò mira. Mo gbé ọmọ jáde tòun ti ọṣẹ lára. Nígbà tí mo padà wọlé tí mo fọwọ́ kàn án, mo rí i pé òjò ti jò gba orí ògiri, ọ̀dà òkè ti ṣí, dígí sì ń mì.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ìyẹn ò le. N óò yọ ọ́ ní Sátidé."

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

"Torí dígí?"

Ní Sátidé, ìyá kan ń rọbí, mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Kò pẹ́ tí obìnrin aládùúgbò wa fi sáré wá pè mí, ó pọn ọmọ mi sẹ́yìn. Ọkọ mi ti ki irin bọ ẹ̀yìn dígí ní igun ìsàlẹ̀, ó fi òòlù gbá a. Igun yẹn fọ́, ó sì ya á lápá. Èmi ni mo rán an, ojú abẹ́rẹ́ méje. Ó ní ìta ni ọmọ wà nígbà tí dígí fọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ pe káfíńtà àgbà kan, ará abúlé Kika, tó ti ṣiṣẹ́ rí nídìí ọkọ̀ ojú irin ní Parakou. Tonton la ń pè é. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó wo dígí, ó wo apá ọkọ mi.

"Mẹ́tìrì, o ṣoríire. Ká ní òkè ló kọ́kọ́ já ni, ọrùn ni ì bá bá."

Ó ní kí n po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ bí àtè. Ọkọ mi kó ìwé ìròyìn àtijọ́ wá láti ilé ẹ̀kọ́, a sì ń lẹ̀ ẹ́ bo ojú dígí ní ìpele méjì. Tonton ní bó bá tilẹ̀ fọ́, bébà yóò di àfọ́kù mú, kò ní já lu ẹnikẹ́ni.

Ibi tá a ti ń lẹ̀ ẹ́ ni délégé bá wa, ọkùnrin tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò wa.

"Kòmàrádì, ìwé ìròyìn ìjọba lẹ fi ń lẹ balùwẹ̀?"

Láyé ìgbà yẹn, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè lásán. Ọwọ́ mi dúró nínú àtè. Tonton ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Dígí ìjọba ni, kòmàrádì. Ìwé ìjọba ló ń dáàbò bò ó."

Délégé sún mọ́ dígí, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ibì kan lápá òsì, ó ní a ti fo ibẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, bébà ti gbẹ. Mo gbé ọmọ fún aládùúgbò, a tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, gbogbo wa wọ bàtà, a sì fi aṣọ nípọn di apá wa. Tonton yọ irin òkè àti ti ẹ̀gbẹ́, kò fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀.

"Àwọn yìí ló ń gbé e. Bí o bá kọ́kọ́ yọ wọ́n, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò wá jókòó lé."

Ó mú wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ó so igi mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Délégé, tó tún ti dé, di orí kan mú, Tonton di ìkejì. Wọ́n ki wáyà bọ ẹ̀yìn dígí láti òkè, wọ́n ń fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, ọ̀dà sì ń gé díẹ̀díẹ̀. Èmi àti ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ ti dígí mọ́ ògiri.

Nígbà tí wáyà dé àárín, nǹkan dún kẹ́rẹ́ lábẹ́ bébà. Ọkọ mi fẹ́ fà sẹ́yìn.

"Má kúrò," ni Tonton wí. "Ẹ tì í mọ́ ògiri. Ẹ mí."

A mí. Ibi tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀ ló tún là sókè díẹ̀, bébà sì dì í mú. Wọ́n fà á títí wáyà fi dé ìsàlẹ̀. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá gbé e kúrò lórí irin, ní òòró, a rọra gbé e lọ sí pálọ̀, a fi í ti ògiri. Délégé ní ilé ìwòsàn ni kó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Tonton gé ibi tó fọ́ kúrò, ó ṣe igi yí i ká, dígí náà sì wà níbi tí àwọn ìyá ọmọ ti ń dúró de mi títí wọ́n fi gbé wa lọ sí ìlú mìíràn.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tá a yọ ọ́, nígbà tí Tonton àti délégé ti lọ, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára báńdéèjì ọkọ mi. Ojú abẹ́rẹ́ méjì ti já.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Ní Sátidé yẹn," ó ní, "ọmọ kò sí ní ìta bí mo ṣe sọ fún ọ. Ẹ̀yìn mi ló jókòó sí nínú balùwẹ̀."

Mo se abẹ́rẹ́, mo rán ojú méjèèjì padà, mo sì lọ gba ọmọ lọ́wọ́ aládùúgbò.