Láti Ìlobù Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Bàálù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí a fi jáde nílé ní Ìlobù. Ọkọ mi, Bàbá Tóbi, gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lé itan nínú mọ́tò, kò gbà kí wọ́n gbé e sí búùtù. Mẹkáníìkì bàálù ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, àwọn tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í wọ́n, ti ní kí àwọn bàálù ńlá tó ń lọ òkè òkun lọ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí òun náà máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, ojú fèrèsé ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe pè é lọ́jọ́ Jímọ̀: kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, iṣẹ́ wà lára àwọn bàálù ńlá náà. Háà! Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìyá rẹ̀ ti kó gbogbo wa jó dé iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ká ríṣẹ́ náà ká tó dúpẹ́. Ta ló máa dá mi lóhùn?

Dẹ́rẹ́bà wa, ọmọ Ìfọ́n, ń dá àpárá: "Bàbá, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ fi gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù o." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní Òṣogbo a wọ bọ́ọ̀sì Èkó, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ẹnì kan. Kòtò pọ̀ lọ́nà títí dé Gbọ̀ngán. A ra dòdò ní Ìkirè. Ata rẹ̀ jó mi lẹ́nu dé Ìbàdàn.

Ní Ìkẹjà, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọkùnrin tó wà ní géètì. Bàtà mi ló ń wò. Nílé wa, ẹni tí kò bá dáhùn ìkíni ń wá ìjà ni.

Bàálù mẹ́rin ló dúró sínú koríko. Wọ́n fi ọ̀rá di ojú ẹ́ńjìnnì wọn, òjò ti fa ìlà dúdú sí wọn lára. Àánú wọn ṣe mí. Ọkọ mi fọwọ́ lé táyà ọ̀kan. "Èyí ni mo tọ́jú jù. Kò já mi kulẹ̀ rí."

Ọ̀gá kan dé. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe de èyí, ẹ bá wa tú u. Ẹ́ńjìnnì la máa kọ́kọ́ yọ. Àwọn oní-irin àlòkù máa wá gé ìyókù."

"Kí n tún un ṣe?" ni ọkọ mi bi í.

"Rárá, sà. Ẹ tú u."

Mo di apá ọkọ mi mú. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé! Wọ́n fi yín ṣẹ̀sín ni."

"Tí mo bá lọ, ẹni tó máa fi òòlù fọ́ ọ ni wọ́n máa pè." Ó ṣí àpótí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà la lò. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Agége la ń sùn. Lójúmọ́, mo ń jókòó sábẹ́ apá bàálù náà pẹ̀lú ike omi, inú ń bí mi burúkú. Lọ́jọ́ kẹta, ó kan bóòtù kan lára ẹ́ńjìnnì, ó ní ọwọ́ òun ló dè é. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Mo gbé ojú kúrò.

Ìrọ̀lẹ́ la padà dé Ìlobù. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ti kún pálọ̀. "Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé bàálù ti ń fò?"

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. "Mà, ẹ má dúpẹ́ mọ́. Wọn ò pè mí kí n tún un ṣe. Mo bá wọn tú u ni."

Ẹnì kan ní Olúwa á ṣe ọ̀nà mìíràn, ó sì ń wá báàgì rẹ̀.

"Ìwọ fúnra ẹ lo tú u?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Èmi ni, mà."

"Nígbà tí wọ́n lé wa ní Gánà, àwọn kan sá fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Èmi tú tèmi, pákó kan tẹ̀lé òmíràn. Kò dín oró rẹ̀ kù. Mi ò kàn fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn án ni."

Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi nìyẹn, ìgbà yẹn ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ mi fi ń sin òkú bàálù rẹ̀, tí èmi jókòó tì í, tí mò ń bínú nítorí ohun tí àwọn èèyàn máa sọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo wọn.

"Bàbá Tóbi, ẹ kú ara fẹ́ra kù."