Àkísà Ìdí Ẹ̀bọ̀lọ̀

Ìyá Ràfátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀bọ̀lọ̀ ló gba ìyá tirẹ̀ là lọ́dún ìyàn. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ilé rẹ̀ nítòsí Òkè-Onígbìn ni mò ń gbé nígbà náà. Ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin àti òdú ń hù fúnra wọn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ gbó, Ìyá yóò so àkísà mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má já a, kó lè gbọn hóró sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa bi í bóyá ejò ló ń sìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyá lọ kí aláìsàn kan. Ojú ti ń tì mí torí ẹ̀yìnkùlé tó dà bí igbó. Mo gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, mo fín oògùn koríko sí ìdajì ibẹ̀. Mo ní bó bá gbẹ, á rò pé ọ̀dá ni.

Oòrùn kò tí ì kan àtàrí tí ìbọn fi dún lójú ọ̀nà oko. Àwọn agbébọn gbé èèyàn mẹ́ta lọ, wọ́n pa ọkọ Adúkẹ́, aládùúgbò wa, sáàárín ebè iṣu rẹ̀. Adúkẹ́ kó ọmọ mẹ́rin sá wọ ilé wa. Kò sẹ́ni tó lè lọ oko mọ́, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ Ọ̀mù-Àrán.

Lọ́jọ́ kejì, gààrí tán. Ìyá gbé agbọ̀n lọ sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ewé ṣì tutù. Ojú kò lè mọ èyí tí oògùn kàn. Ó já a wálé, ó gbé omi kaná. Àwọn ọmọ jókòó ti ààrò.

"Ìyá, ẹ má sè é. Mo ti fín oògùn sí i."

"Apá ibo, Ràímì?"

"Apá ìdí ọsàn."

"Ibẹ̀ ni mo ti já a."

Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó bo ewé náà mọ́lẹ̀. Adúkẹ́ wò mí, ó ní àwọn tó pa ọkọ òun tilẹ̀ jẹ́ kí òun rí wọn.

Apá kejì la jẹ fún ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ keje, ó ku èyí tó so àkísà mọ́. Ìyá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó àkísà sínú ìró rẹ̀, ó já ewé náà síkòkò.

Nígbà tí àwọn ọdẹ àti sójà dé, ìbọn dákẹ́. A kò gbọ́ ìró odó nílé kankan. Ìyá kò bá mi wí títí ó fi kú. Àkísà mẹ́sàn-án la bá nínú àpótí rẹ̀.

Mo ti ń wá hóró ẹ̀bọ̀lọ̀ kiri etí odò, mò ń gbọ̀n ọ́n sẹ́yìnkùlé. Ó ti ń hù. Àkísà ni n kò tí ì láyà láti so.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, kí lo fín oògùn sí láàárọ̀ yìí?